Ọdún kìíní ní fásitì kì í ṣe ọdún eré

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ti wà ní fásitì ṣáájú wọn: "Fara balẹ̀, jayé orí ẹ. Ọdún kìíní ṣì ni, wàá tún un ṣe tó bá yá." Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ọ̀rẹ́ ló sì ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ìmọ̀ràn díẹ̀ ló burú tó èyí.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ní ọ̀pọ̀ fásitì Nàìjíríà, A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, D jẹ́ 2. Ẹni tí èsì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bá tó 4.50 ló ń gba first class, ẹni tó bá wà láàárín 3.50 sí 4.49 ló ń gba second class upper. Ká ní ọdún mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ náà, tí iṣẹ́ ọdún kọ̀ọ̀kan sì dọ́gba. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi 3.00 parí ọdún kìíní gbọ́dọ̀ gba A nínú gbogbo kóọ̀sì fún ọdún mẹ́ta gbáko kó tó lè bá 4.50. Ẹni tó bá fi 2.50 parí rẹ̀, first class ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, bó tilẹ̀ gba A títí dé ọjọ́ tó ṣe tán. Kí ó tó lè dé 3.50 pàápàá, ó ní láti máa gba nǹkan bíi 3.83 lọ́dọọdún.

Àwọn àgbà ní àti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kò mọ ìṣirò yìí, bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un. A ń di gáàrì, bẹ́ẹ̀dì àti búkẹ́ẹ̀tì fún un, a ń gbàdúrà fún un, a sì ń gbàgbé ohun tó nílò jù lọ.

Ìwé ṣáájú ẹrù

Kí orúkọ jáde lára pátákó fásitì kò tíì tó. Ọmọ gbọ́dọ̀ wọ CAPS, ojú òpó JAMB, kó tẹ́wọ́ gba àyè náà níbẹ̀, kó sì tẹ ìwé ìgbaniwọlé JAMB jáde. Ìwé yẹn ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ lọ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lábẹ́ NYSC. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọdún tí wọ́n parí ẹ̀kọ́ ni wọ́n tó mọ̀ pé àwọn kò ní in.

Ẹ ṣe ẹ̀dà èsì WAEC tàbí NECO, ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ìjọba ìbílẹ̀ àti rìsíìtì gbogbo owó tí ẹ bá san. Kí ojúlówó má ṣe jókòó sínú yàrá tí ènìyàn mẹ́jọ jọ ń gbé. Kí ọmọ sì mọ ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ kóọ̀sì yóò parí, nítorí ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lè jókòó ní kíláàsì, kó ṣe ìdánwò, kó má sì rí èsì kankan.

Yàrá

Bẹ́ẹ̀dì inú ọgbà fásitì ìjọba kò tó iye akẹ́kọ̀ọ́ rárá. Ibẹ̀ ni àwọn oníjìbìtì ti ń jẹun. Ajẹ́ǹtì kan lè gba owó yàrá kan ṣoṣo lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́rin, kó sì pa fóònù rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá kó ẹrù dé. Ẹ má sanwó fún yàrá tí ẹ kò fojú rí. Ẹ rí onílé fúnra yín, ẹ béèrè nípa omi, iná àti ọ̀nà tí ọmọ yóò máa gbà wálé lálẹ́, kí ẹ sì gba rìsíìtì tó ní orúkọ onílé.

Bẹ́ẹ̀dì tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ń tà fún akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn lòdì sí òfin ní ọ̀pọ̀ fásitì. Bí wọ́n bá lé ọmọ jáde, owó yẹn ti lọ nìyẹn. Bí àyè bá wà lọ́nà tó tọ́, inú ọgbà ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní gbé, kó lè súnmọ́ ilé ìkàwé, ilé ìwòsàn àti àwọn tó lè bi ní ìbéèrè.

Owó

Kì í ṣe ebi ló kọ́kọ́ ń tán owó akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Aṣọ àríyá matriculation, fóònù tuntun àti oúnjẹ rírà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni. Ẹ má fi owó oṣù mẹ́rin ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ tó mọ ìrẹsì sè, tó ní gáàrì, ẹ̀wà àti òróró nílẹ̀, kò ní tètè tọrọ.

Fún ọmọ tó wà ní fásitì ìjọba tí agbára ilé rẹ̀ kò ká a, ẹ̀yáwó NELFUND wà, èyí tí òfin ọdún 2024 gbé kalẹ̀. Kò ní èlé, fọ́ọ̀mù rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Fásitì ni wọ́n ń san owó ilé-ìwé fún tààrà, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè béèrè owó ìgbọ́bùkátà lọ́tọ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn NYSC ni sísan padà ń bẹ̀rẹ̀. Kí orúkọ inú NIN, BVN àti JAMB bára mu kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ sì mọ̀ pé gbèsè ni, kì í ṣe ẹ̀bùn.

Kíláàsì

Ọ̀pọ̀ fásitì kì í jẹ́ kí ẹni tí kò wá sí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kíláàsì jókòó ṣe ìdánwò. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka, máàkì 30 tàbí 40 ti wà nínú iṣẹ́ àṣetiléwá àti ìdánwò kéékèèké kí ìdánwò ńlá tó dé. Ẹni tó sùn ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún àkọ́kọ́ ti pàdánù wọn. Kóọ̀sì GST tí gbogbo ènìyàn ń fojú di wà nínú ìṣirò náà pẹ̀lú.

Ẹni tó ń ṣe ọ́ lóore

Ní oṣù Keje ọdún 1999, ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ya wọ ọgbà Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Ẹgbẹ́ wọ̀nyí kò tíì tán, wọn kì í sì í gbé àdá wá bá akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Oore ni wọ́n ń gbé wá. Ronú nípa ọmọ tí ajẹ́ǹtì ti jẹ owó yàrá rẹ̀, tí ẹ̀rù bàbá rẹ̀ kò jẹ́ kó sọ nílé. Ẹnì kan tí kò mọ̀ rí ní kó wá máa sùn lọ́dọ̀ òun lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń ra oúnjẹ fún un, ó ní kò sẹ́ni tó lè fìyà jẹ ẹ́ mọ́. Ìgbà tí wọ́n bá pè é sí àpèjẹ òru, kò mọ bí yóò ṣe kọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ lè sọ àdánù rẹ̀ fún yín. Owó yàrá tó sọnù dùn, ṣùgbọ́n ẹ lè rí òmíràn. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ilé yóò gbọ́ òun, kò ní nílò ààbò àlejò.

Ọmọ tó ń lọ sí Zaria, Jos, Nsukka tàbí Calabar nílò èyí jù, torí kò ní ẹbí nítòsí. Kó mú aṣọ òtútù dání fún ọyẹ́ Jos àti Zaria, kó má rìnrìn àjò òru, kó sì kọ́ ìkíni ibẹ̀ kíákíá. "Ina kwana" láàárọ̀ lè sọ àlejò di ojúlùmọ̀ lọ́wọ́ ìyá alákàrà.

Àwọn aláṣẹ fásitì náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. Ọ̀rọ̀ gígùn nínú gbọ̀ngàn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ kò tó. Kí wọ́n tẹ gbogbo owó tó yẹ ní sísan, ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀, ilé tí wọ́n fọwọ́ sí nítòsí ọgbà àti ibi tí a ti ń fi ẹjọ́ sùn sórí ìwé kan ṣoṣo, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé ìgbaniwọlé, kí oníjìbìtì tó débẹ̀ ṣáájú wọn.

Ní tiwa nílé, kí ọmọ tó gbé báàgì rẹ̀, ẹ jókòó tì í fún wákàtí kan. Ẹ mú bébà àti bírò, kí ẹ sì jọ ṣe ìṣirò 3.00 àti 2.50 yẹn.