Ẹṣin àgbà tó ń tiro láìsí ọgbẹ́: ẹ má fi abẹ́rẹ́ bò ó mọ́lẹ̀

Mo mọ̀ pé ẹṣin kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa bíi ti àwọn Bàrìbá. Ṣùgbọ́n ará Ṣábẹ kò lè ní ọ̀rọ̀ ẹṣin kò kan òun: ilẹ̀ Bàrìbá ni ìdílé ọba Babagidai ti wá, ọ̀pọ̀ wa sì ń lọ wo ọdún Gàánì ní Nikki. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ẹṣin tó ti tó ọdún 15 tàbí 18 á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Wọ́n á wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí ọgbẹ́, egungun kò ṣẹ́. Ẹnìkan á ní ayé ló ṣe é, ẹlòmíràn á ní ogbó ni. Ọdún sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdánwò ti ń wá: kí a gún un lábẹ́rẹ́ apàrora, kí a di í ní gàárì, kó sáré lójú èrò.

Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Ìrora ni olùṣọ́ ẹsẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá pa ìrora, ẹṣin á máa fi gbogbo agbára tẹ ibi tó ti ń bàjẹ́, iṣan tó ti sán díẹ̀ lè já pátápátá nígbà tí eré bá gbóná. Ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ìbọ̀ yẹn ni àwọn àgbà ń wí! Ohun mìíràn tún wà. Oògùn tí wọ́n ń pè ní phenylbutazone, bó bá pọ̀ jù, ó ń dá egbò sí inú ẹṣin, ó sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ẹran ẹṣin tó ti gbà á kò yẹ ní jíjẹ fún ènìyàn. Kí ẹni tó ń ronú láti ta arúgbó ẹṣin fún alápatà rántí èyí.

A ò rí ọgbẹ́ kò túmọ̀ sí pé kò sí ohun tó fà á. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan fa ẹṣin náà sáré díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ líle, kí ẹ sì wo orí rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ iwájú ló ń dùn ún, á gbé orí sókè nígbà tí ẹsẹ̀ náà bá kanlẹ̀, á sì mi orí wálẹ̀ lórí èyí tó dá. Ẹ lọ sí pátákò kíákíá, torí ibẹ̀ ni ìrora ẹsẹ̀ iwájú ti sábà máa ń wá. Ẹ yọ ẹrẹ̀ inú rẹ̀, ẹ wá ìṣó, òkúta àti ibi tó ń rùn. Ẹ fọwọ́ kan án: ṣé ó gbóná ju èkejì lọ? Ṣé iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lókè rẹ̀ lẹ́yìn ń lù kìkì? Ó lè jẹ́ pé ọyún ló gbára jọ sínú. Ẹ wo ibi tí okùn ìso ń gé e pẹ̀lú.

Bó bá ń le ní àárọ̀, tó ń rọ̀ bó ṣe ń rìn, oríkèé ló ṣeé ṣe kó ti gbó. Bó bá ń fa ara sẹ́yìn bí ẹni ń dúró lórí iná, ẹ dín ọkà rẹ̀ kù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an.

Wọ́n á ní dókítà ẹran wọ́n, ó sì jìnnà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú àti ọwọ́ tí mo kà sílẹ̀ yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní fráǹkì kan. Dókítà fúnra rẹ̀ lè máa fi oògùn pa ẹsẹ̀ kú díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, títí ẹṣin yóò fi dẹ́kun títiro, kó lè mọ ibi tó ń dùn ún. Abẹ́rẹ́ yẹn ń ṣàwárí ni, tiwa ń fi pamọ́. Nígbà mìíràn, dókítà pàápàá kò ní rí i. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí ilẹ̀ rírọ̀ ló kù, lẹ́yìn náà kí a tún wò ó.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ̀yin ẹlẹ́ṣin ni pé kí ẹ dá owó jọ, kí dókítà ẹran kan wo gbogbo ẹṣin yín ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọdún. Èyí tó bá ń mi orí, kí ó dúró sílé, ì báà jẹ́ ẹṣin olóyè.