Ẹ Pe Onímọ̀ Kí Ẹ Tó Pe Katakata

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin òbí, àwọn kan ń wí pé egungun ẹranko tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ kò yẹ kó dá iṣẹ́ ìkọ́lé dúró. A ní ọ̀rọ̀ í bá wọn sọ.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ ilẹ̀ ní pápá ìṣeré Reser, nínú ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oregon ní ìlú Corvallis, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Egungun itan kan tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4 yọ sí wọn. Ti mámọ́ǹtì ni, ẹbí erin tó ti parẹ́ láyé. Wọ́n tún rí egungun ẹfọ̀n, àti ti ẹranko kan tó jẹ́ ẹ̀yà ràkúnmí tàbí ẹṣin. Loren Davis, olùkọ́ ní yunifásítì náà, ní ó kéré tán wọn yóò ti tó ọdún 10,000.

Àwọn òṣìṣẹ́ dáwọ́ dúró, wọ́n sì ké sí onímọ̀. A yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kó lára yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ lọ síbòmíràn. Ibẹ̀ ni wọ́n tún lọ ń tú egungun. Nígbà tí kì í sì í ṣe egungun ènìyàn, òfin kò mú wọn ní dandan. Ìwà ọmọlúàbí òṣìṣẹ́ ló gba ìmọ̀ là. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nínú ọgbà ẹ̀kọ́ nìyẹn? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹni tó bá ń bèèrè àǹfààní egungun, kó dá wa lóhùn: ta ni ìbá mọ̀ pé Àríwá Amẹ́ríkà ni ìran ràkúnmí ti ṣẹ̀, kó tó kọjá sí Éṣíà, tó fi wá di ohun ìgùn àwọn Lárúbáwá? Kò sí òpìtàn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀. Egungun ló jẹ́rìí.

Wọ́n tún ní yóò fi iṣẹ́ falẹ̀. Àwáwí ni. Ní Corvallis, apá ibòmíràn ni àwọn akọ́lé kọjá sí, kí àwọn onímọ̀ lè ráyè ṣe tiwọn. Ilé tí a kò kọ́ lónìí, a lè kọ́ ọ lọ́la. Egungun tí katakata bá fọ́ túútúú, ta ni yóò tò ó padà?

Ohun tí a ń fẹ́ kò ju èyí lọ: kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fi ṣe òfin fún ara rẹ̀ pé onímọ̀ yóò yẹ ilẹ̀ wò kí a tó gbẹ́ ẹ. Bí ìjọba kò bá tilẹ̀ pa á láṣẹ, ṣebí nítorí ìmọ̀ ni a ṣe dá yunifásítì sílẹ̀?