Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Pleasure Kọ́kọ́ Bá Ọmọ Òkè-Odò Gbá Bọ́ọ̀lù

Aránṣọ ni mí, aṣọ eré ìdárayá ilé-ìwé ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń rán. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Pleasure, lẹ́bàá títì márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Tí ọdún tuntun bá ti wọlé, tí àwọn ọmọ padà sílé-ìwé fún sáà kejì, aṣọ pupa, búlúù, yẹ́lò àti gíríìnì ló máa ń kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi nítorí íńtà-háòsì. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn olùkọ́ eré ìdárayá á wá béèrè jẹ́ẹ̀sì fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn. Télọ̀ a máa mọ aṣọ tí wọ́n wọ̀ títí tó fi gbó, a sì máa mọ èyí tí wọn kò ríbi wọ̀ ọ́ lọ.

Ilé-ìwé ìjọba kan ní agbègbè wa gbéṣẹ́ jẹ́ẹ̀sì 18 fún mi. Àwọn òbí ló dá owó rẹ̀. Mo tẹ nọ́ńbà sẹ́yìn, mo tẹ orúkọ ilé-ìwé sáyà, mo sì rán ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò bí àwọn ọmọ ṣe fẹ́ ẹ. Wọ́n wọ̀ ọ́ lọ síbi ìdíje, ọ̀nà sì jìn. Wọ́n gbá eré kan ṣoṣo, wọ́n fi góòlù kan lù wọ́n, wọ́n kó ẹrù wọn padà sílé. Ọdún wọn parí nìyẹn. Ìyá ọmọ tó di ilé mú, tó ń ta ata lọ́jà Ilé-Epo, kò tíì fojú ara rẹ̀ rí ọmọ náà níbi tó ti ń mú bọ́ọ̀lù rí. Nígbà tó wá gba aṣọ òde ìyàwó tí mo bá a rán, ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni ọmọ òun mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí mo máa ń rí i lórí pápá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ó dùn mí pé ẹnu télọ̀ ló ti gbọ́ ọ.

Kì í ṣe àwọn ọmọ ló kùnà, olùkọ́ wọn náà kò sì kùnà. Bí wọ́n ṣe pín agbègbè ni kò dára.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ nílé-ìwé ìjọba l'Ékòó mọ̀ pé ẹkùn ètò-ẹ̀kọ́ mẹ́fà ni ìpínlẹ̀ wa pín sí, orí ẹkùn wọ̀nyí ni wọ́n sì máa ń gbé ìdíje ilé-ìwé lé. Ẹkùn Kìn-ín-ní ni tiwa: Agége, Ìfàkò-Ìjàyè àti Alímọ̀ṣọ́. Tí ẹ bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ẹ ó rò pé ọgbọọgba ni àwọn mẹ́ta náà. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 459,939 ni wọ́n kà ní Agége, wọ́n ka 427,878 ní Ìfàkò-Ìjàyè. Ní Alímọ̀ṣọ́, 1,277,714 ni wọ́n kà. Ìjọba Èkó kò tilẹ̀ gba iye yẹn. Nínú ìkànìyàn tí àwọn fúnra wọn ṣe, Alímọ̀ṣọ́ lé ní mílíọ̀nù méjì. Ẹ wá wo Ẹkùn Kẹta: Ẹ̀pẹ́, Etí-Ọ̀sà, Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí àti Erékùṣù Èkó. Nínú ìkànìyàn 2006 kan náà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápapọ̀ kò pé mílíọ̀nù kan. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ń ka ẹkùn, ọ̀kan ni tiwọn, ọ̀kan náà ni tiwa. Ọmọ Alímọ̀ṣọ́ ní láti la èrò púpọ̀ kọjá ju ọmọ ibòmíràn lọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀.

Ìjọba Èkó kan náà ti gbà tipẹ́ pé Alímọ̀ṣọ́ ti tóbi jù. Lọ́dún 2003, nígbà tí ìjọba Gómìnà Bọ́lá Tinúbú dá ìjọba agbègbè onídàgbàsókè 37 kún ìjọba ìbílẹ̀ 20, tí gbogbo rẹ̀ di 57, mẹ́fà ni wọ́n pín Alímọ̀ṣọ́ sí: Alímọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀, Àgbádò/Òkè-Odò, Àyọ̀bọ̀-Ìpájà, Mọ́sàn-Ọkúnọlá, Ẹ̀gbẹ-Ìdímù àti Ìkòtún-Ìgàndò. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ní alága, wọ́n ní káńsẹ́lọ̀, wọ́n ní agbowó-orí tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Tó bá di owó gbígbà, mẹ́fà ni wá. Tó bá wá kan eré àwọn ọmọ wa, wọ́n á tún kó wa pọ̀ di ọ̀kan. Mi ò rí ìdí kankan tó fi yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò gbé ibí lè wò ó lórí máàpù kó ní kò jìnnà. Kó wá wọkọ̀ láti Pleasure lọ sí Ìgàndò lọ́jọ́ Jímọ̀. Á kọ́kọ́ dé Ìyànà Ìpájà, níbi tí dánfó, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ti ń du ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Á gba Ẹ̀gbẹ́dá, á gba Ìdímù, á dé Ìkòtún, á sì tún wọ ọkọ̀ míràn. Tí òjò bá rọ̀, kó má retí àtidé lásìkò. Ọmọ tí wọ́n bá gbé gba ọ̀nà yìí lọ gbá bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú kí fèrè tó dún. Nígbà tó bá sì fi máa padà délé, ilẹ̀ ti ṣú.

Òkùnkùn yìí ló ń lé àwọn ọmọbìnrin kúrò nínú eré. Ọmọ mi obìnrin ń sá 200 mítà, ó sì máa ń di igi mú nínú eré ìgbà-fún-mi tí wọ́n ń pè ní rìlé. Lọ́dún kan, wọ́n mú un mọ́ àwọn tó máa ṣojú ilé-ìwé rẹ̀. Wọ́n ní aago méje alẹ́ ni wọ́n lè fi padà dé Ìyànà Ìpájà, kí òbí kálukú wá mú ọmọ tiẹ̀ níbẹ̀. Mo kọ̀, mo sì tún máa kọ̀ lọ́la. Mélòó nínú ẹ̀yin ìyá tó ń ka ìwé yìí ló máa gbà? Ṣùgbọ́n ká ní Òkè-Odò ni wọ́n ti fẹ́ sáré ni, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn lọ, èmi náà á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, a ó jọ lọ ni.

Ìsúnmọ́ra tún ní àǹfààní mìíràn. Àwọn àgbà tó mọ ìtàn bọ́ọ̀lù ilé-ìwé l'Ékòó á sọ fún yín nípa St Finbarr's ní Akọkà, ilé-ìwé tí Fáda Denis Slattery, àlùfáà ọmọ Ireland, dá sílẹ̀ lọ́dún 1956. Ibẹ̀ ni Stephen Keshi ti kàwé, ẹni tó jẹ́ balógun ikọ̀ Nàìjíríà nígbà tí a gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà lọ́dún 1994, tó sì tún gbà á gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì lọ́dún 2013. Ibẹ̀ náà ni Henry Nwosu ti kàwé, tó jẹ́ ọ̀dọ́mọdé nínú àwọn tó gba ife náà lọ́dún 1980. Fáda Slattery ni gbogbo ènìyàn máa ń yìn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn kì í sọ ni irú aládùúgbò tí ilé-ìwé náà ní. CMS Grammar School wà ní Bàrígà nítòsí. Igbobi College wà lọ́nà Yaba níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní eré, tẹbí tará ló ń lọ wò ó, ẹni tí wọ́n bá sì lù lónìí á pàdé ẹni tó lù ú lọ́jà lọ́la. Irú ìfigagbága bẹ́ẹ̀ ló ń mú ọmọ jí ní ìdájí láti lọ gbára dì. Àwa náà ní i ní ìkáwọ́ wa níbí. Láti Pleasure dé Òkè-Odò, dé Ilé-Epo, dé Abúlé Ẹ̀gbá, ilé-ìwé ò jìnnà síra wọn. Àwọn ọmọ yìí mọ ara wọn lójú, wọ́n jọ ń wọ kẹ̀kẹ́, wọ́n jọ ń lọ sí lẹ́sìnnì. Ohun tó kù ni kí ẹnì kan kọ orúkọ wọn sórí àtẹ eré kan náà.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tó ń pín in bó ṣe yẹ. Ní ìpínlẹ̀ Texas l'Amẹ́ríkà, wọ́n ní àjọ kan tí wọ́n ń pè ní UIL. Òun ló ń bójú tó eré àwọn ilé-ìwé girama. Ní ọdún méjì méjì, wọ́n á ka iye akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fi iye yẹn pín àwọn ilé-ìwé sí ìpele mẹ́fà, èyí tó pọ̀ á bá èyí tó pọ̀ ṣe, èyí tó kéré á bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wo ẹni tó sún mọ́ ẹni, wọ́n á sì pín wọn sí agbègbè. Àwọn òbí máa ń bínú sí i, torí ilé-ìwé kan lè bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá tó le. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé wọn kò ka ọmọ òun. Iye ọmọ ni wọ́n fi ń pín in, wọ́n sì ń tún un pín bí ìlú ṣe ń kún.

Orílẹ̀-èdè kan náà tún fi hàn wá bí a ṣe ń bà á jẹ́. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wọn ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Pac-12. Lọ́dún 2024, nítorí owó tẹlifíṣọ̀n, mẹ́wàá nínú wọn ti bá ibòmíràn lọ, ó wá ku Oregon State àti Washington State nìkan. UCLA tó wà ní Los Angeles wá ń bá Rutgers ti New Jersey ṣe ìdíje nínú ẹgbẹ́ kan náà, láti etí òkun kan dé èkejì. Owó ló pín ìyẹn, àwọn ọmọ ló sì ń fi ara wọn gbé e. Tí a bá fẹ́ kọ́ ọgbọ́n lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, ti àwọn ọmọ girama Texas ni kí a kọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé a kò lè tún nǹkan pín nílẹ̀ yìí. Ní sáà 2022/23, ẹgbẹ́ 20 tó wà nínú líìgì wa tó ga jù ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì, mẹ́wàá mẹ́wàá, kí eré lè tètè parí. Mẹ́ta mẹ́ta láti ọ̀nà kọ̀ọ̀kan pàdé l'Ékòó níbí, Enyimba ló gba ife. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bákan náà ni ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí Milo ń ṣe fún àwọn ilé-ìwé girama láti 1999: wọ́n pín gbogbo Nàìjíríà sí apá mẹ́rin, àwọn ilé-ìwé á kọ́kọ́ bá ara wọn jà ní ìpínlẹ̀ wọn, wọ́n á lọ sí apá tiwọn, kí wọ́n tó dé ìparí. Tó bá ṣeé ṣe fún gbogbo orílẹ̀-èdè, kò yẹ kó ṣòro láti Àyọ̀bọ̀ dé Ìgàndò.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Kí wọ́n lo àlà mẹ́fà tó ti wà nílẹ̀ ní Alímọ̀ṣọ́. Kí àwọn ilé-ìwé inú àlà kọ̀ọ̀kan máa gbá líìgì, nílé àti lóde, láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà kejì títí dé àárín sáà kẹta, lọ́sàn-án Jímọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jáde lẹ́yìn eré kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ṣe ipò kìn-ín-ní ní mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni kí wọ́n wá kó jọ síbi kan, kí á mọ ẹni tó dára jù ní Alímọ̀ṣọ́, kí ẹni yẹn tó lọ pàdé Agége àti Ìfàkò-Ìjàyè. Kí eré sísá àti bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá tẹ̀ lé ètò kan náà, kí ti àwọn ọmọbìnrin sì máa wáyé lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ti ọkùnrin, lórí pápá kan náà.

Olùkọ́ eré ìdárayá kan tó jẹ́ oníbàárà mi kò fara mọ́ ọn. Ó ní tí a bá pín in wẹ́wẹ́ báyìí, ẹgbẹ́ tí kò lágbára á máa borí ní agbègbè tó rọrùn, wọ́n á sì lọ dójú ti wa níwájú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn, mo sì ti rò ó dáadáa. Ẹgbẹ́ tó bá gbá eré mẹ́wàá kó tó jáde kúrò ní àdúgbò rẹ̀ kò lè jọ ẹgbẹ́ tó gbá ọ̀kan. Líìgì fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọmọ di alágbára. Ó tún béèrè ibi tí owó á ti wá. Owó ọkọ̀ tí àwọn òbí ń dá fún ọ̀nà jíjìn á dínkù, torí púpọ̀ nínú eré náà ni wọ́n á fẹsẹ̀ rìn lọ. Owó rẹfirí àti bọ́ọ̀lù ló kù, àwọn alága mẹ́fà tí a ń sanwó fún kò sì gbọdọ̀ sọ pé àwọn kò ní in.

Ti pápá ló nira jù, mi ò ní fi bò. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni ní agbègbè wa, ilé gbígbé ni wọ́n sọ di kíláàsì, pápá ilé-ìwé ìjọba ni wọ́n sì ń yá tí íńtà-háòsì bá dé. Pápá ilé-ìwé ìjọba wọ̀nyí ni líìgì á máa lò. Nítorí náà, kí wọ́n fi ọwọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé sórí wọn mọ́. Tí ilé-ìwé aládàáni bá sì fẹ́ wọ líìgì náà, kí wọ́n gbà á wọlé, kí owó tó ń san láti yá pápá di owó rólà àti koríko.

Ilé-iṣẹ́ ètò-ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀, ọ́fíìsì Ẹkùn Kìn-ín-ní àti àjọ eré ìdárayá Èkó ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Kí wọ́n gbé àtẹ eré náà jáde kí sáà kìn-ín-ní tó parí, kí orúkọ ilé-ìwé, ọjọ́ àti pápá wà lórí rẹ̀, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan níbi tí òbí lè kà á. Ìyá aláta tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan nílò láti mọ Jímọ̀ tí ọmọ rẹ̀ máa di ilé mú, kó lè wá ẹni tí á bá a jókòó ti ọjà.