Oògùn Jẹjẹrẹ: Ojú Lásán Kò Lè Mọ Èyí Tó Ti Bàjẹ́

Lọ́dún 2025, àwọn onímọ̀ kan yẹ oògùn jẹjẹrẹ wò láti Cameroon, Ethiopia, Kenya àti Malawi. Nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́fà ni kò kún ojú òṣùwọ̀n: èròjà inú wọn kéré jù tàbí pọ̀ jù. Ilé ìwòsàn àti ilé oògùn ni wọ́n ti rí wọn, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ títì.

Orílẹ̀-èdè Benin kò sí nínú ìwádìí náà, ṣùgbọ́n pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, àwọn ọlọ́pàá ya wọ Adjégounlè nínú ọjà Dantokpa, wọ́n kó oògùn tí wọ́n ń tà láìgba àṣẹ.

Kí ló ń ba oògùn gidi jẹ́? Ooru àti ọ̀rinrin wà lára rẹ̀. Èròjà inú oògùn máa ń dì ní hóró bí iyọ̀. Àwọn mìíràn máa ń di omi tàbí èròjà olómi mìíràn mọ́ inú hóró wọn. Bẹ́ẹ̀ ni trametinib, oògùn jẹjẹrẹ awọ ara, ṣe rí. Bí ọ̀rinrin bá kàn án, èròjà olómi náà lè jáde, kí hóró náà sì yí padà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì, nínú ìgò tirẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò mọ èyí dáadáa: gàrí tí òjò fẹ́ sí, gàrí náà ni, àmọ́ kò ní wú bó ṣe yẹ mọ́. Lọ́dún 1998, hóró ritonavir, oògùn àrùn HIV, yí padà láti ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é. Èròjà rẹ̀ kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n kò yọ́ dáadáa mọ́. Wọ́n ní láti dá títa kápúsù rẹ̀ dúró.

Lójú tiwa, lílé àwọn tó ń ta oògùn lábẹ́ oòrùn dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ó yẹ kí ABMed, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oògùn, máa yẹ oògùn jẹjẹrẹ wò lemọ́lemọ́, kó sì kéde àbájáde rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Gbégamey, bí ẹ bá ń ra oògùn fún aláìsàn yín, ẹ béèrè ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ má gba èyí tí wọ́n tú sínú ọ̀rá. Owó tí a ná lè padà wá. Àkókò tí jẹjẹrẹ fi tàn kálẹ̀ kì í padà.