Àlòkù Oògùn Kì í Ṣe Ẹ̀bùn fún Ará Ilé

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Àṣà kan wà láàárín wa tí ó yẹ kí a fi òpin sí. Bí ẹnìkan nínú wa bá ń múra àtilọ sílé, lẹ́yìn tí ó bá ti di aṣọ àti bàtà tán, yóò lọ sí ibi tí ó ń kó oògùn sí, yóò gbá gbogbo èyí tó ṣẹ́ kù jọ, yóò sì há a sáàárín ẹrù. Ó ní ará ilé yóò rí i lò. Àwọn tí kò kó tiwọn lọ sílé ń fi í pamọ́ títí di ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tàbí kí wọ́n dà á sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Kí a má baà dá ẹlòmíràn lẹ́bi lásán, àpótí oògùn tiwa ni a kọ́kọ́ tú. Amoxicillin mẹ́sàn-án ló kù nínú mọ́kànlélógún tí dókítà ní kí a lò tán. Oògùn ojú kan wà níbẹ̀ tí a ti ṣí láti ọdún tó kọjá, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni kò yẹ ní lílò mọ́ bí ó bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí a ṣí i. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá wa tó ti re ibi àgbà ń rè náà wà níbẹ̀. Ọkàn wa kò gbà kí a kó o dànù. Ojú tì wá.

Àwọn tó ń gbèjà àṣà yìí a máa sọ pé oògùn wọ́n nílé, pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a sọ ohun tí àwọn ènìyàn wa ń wá nù. Òótọ́ ni pé oògùn wọ́n nílé. A kò jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìbéèrè tiwa. Bí ẹ bá dá oògùn padà fún kẹ́mísì ní ilẹ̀ yìí, bí ẹ kò tilẹ̀ tíì ṣí páálí rẹ̀, wọn kì í fún aláìsàn mìíràn. Iná ni wọ́n ń fi sun ún. Ìdí ni pé kò sí ẹni tó lè jẹ́rìí sí ibi tí oògùn náà gbé wà láti ìgbà tó ti kúrò lọ́wọ́ wọn, bóyá inú ooru ni tàbí inú ọ̀rinrin. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ ọ́ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1996, pé oògùn tí a ti fún aláìsàn, tí ó sì dá padà, kò yẹ ní fífi ta orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́rẹ. Oògùn tí wọn kò jẹ́ fún aládùúgbò wa ní Peckham, kí ló sọ ọ́ di ẹ̀bùn fún ìyá wa ní Ìjẹ̀bú?

Ẹ wo ewu tó wà níbẹ̀. Amoxicillin mẹ́sàn-án kò tó wo àrùn tí mọ́kànlélógún ń wò. Yóò pa kòkòrò tó rọ̀, yóò sì fi èyí tó le sílẹ̀ kó máa bí sí i. Alexander Fleming, ẹni tó ṣàwárí penicillin, kìlọ̀ èyí nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1945: ẹni tó bá lo oògùn tí kò tó ń kọ́ kòkòrò bí yóò ṣe borí oògùn ni. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn dókítà rí àwọn tí tetracycline tó ti bàjẹ́ ba kíndìnrín wọn jẹ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó oògùn ikọ́ olómi tó ní codeine wọ̀lú láti ọdún 2018.

Èyí tí a fi pamọ́ sílé níhìn-ín náà kò dára. Ìyá àgbà tó wá bá wa wo ọmọ lè má ka Gẹ̀ẹ́sì ara ìgò; ọmọdé sì lè rí oògùn aláwọ̀ pupa kó pè é ní súìtì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ sí kẹ́mísì tó ń bá NHS ṣiṣẹ́. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ẹ yọ páálí ìta, ẹ pa orúkọ yín rẹ́ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tú oògùn kúrò nínú ìdì rẹ̀. Ẹ kó ínhélà mọ́ ọn. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ sí i. Abẹ́rẹ́ ní ike tirẹ̀, ẹ bèèrè lọ́wọ́ dókítà yín. Ẹ má da oògùn sí síǹkì tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí ibi tí wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí kò lè yọ gbogbo rẹ̀ kó tó dé odò. Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ìjọba yín ń yan ọjọ́ tí wọ́n ń gbà á.

Bí a bá sì fẹ́ ran ará ilé lọ́wọ́ ní tòótọ́, owó ni kí a fi ránṣẹ́, kí wọ́n rí dókítà, kí wọ́n sì ra oògùn tó pé, tó ní nọ́ńbà NAFDAC lára. Àwa ti kó tiwa lọ ní ọjọ́ Sátidé, ti ìyá wa pẹ̀lú. Ó kù sọ́wọ́ yín.