Ẹ Wá Ṣe Onígbọ̀wọ́ Àwọn Ọmọ Mowo

Ẹ̀yin ará Mowo, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin ọmọ Ògù àti ọmọ Àwórì tí a jọ ń gbé etí títì Èkó sí Àgbádárìgì yìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń gbá bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá.

Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, ẹ yà sí pápá oníyanrìn tó bá sún mọ́ yín jù. Ẹ lè rí ohun tí mo rí. Ọmọkùnrin méjì pín bàtà bọ́ọ̀lù kan wọ̀: èyí tó ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá a wọ ti òsì, èyí tó ń fi ọ̀tún gbá a wọ ti ọ̀tún, ẹsẹ̀ kejì àwọn méjèèjì wà lásán nínú yanrìn. Nígbà tí kóòṣì ní kí ẹnì kan jáde kí ẹlòmíì wọlé, èyí tó jáde jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó tú okùn bàtà, ó gbọn yanrìn inú rẹ̀ dànù, ó sì nà án sí ẹni tó fẹ́ wọlé. Ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn.

Gbogbo wa la mọ ohun tó ń jẹ́ onígbọ̀wọ́. Ẹni tó fẹ́ yá owó, tàbí tó fẹ́ wọṣẹ́ níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n rí, wọ́n á ní kó lọ mú ẹni tí yóò dúró fún un wá. Onígbọ̀wọ́ kì í kàn ju owó sílẹ̀ kó máa lọ. Orúkọ rẹ̀ ló fi dúró. Bí ọ̀rọ̀ bá yí, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n á wá kàn. Ohun tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò ń wá nìyẹn: ìlú tí yóò dúró fún ọmọ rẹ̀ níwájú ayé tí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ má sọ pé Mowo kéré. Ìkẹ́nnẹ́ kì í ṣe Èkó, kì í sì í ṣe Ìbàdàn, síbẹ̀ ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Remo Stars fi ṣe ilé, tí wọ́n sì gba ife líìgì àgbà Nàìjíríà ní 2025. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń fi àwọn agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù ní Áfíríkà jọba, ọmọ Èkó ló gba ti ọkùnrin, ọmọ Èkó ló gba ti obìnrin. Victor Osimhen dàgbà sí Olusosun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn, ó ta omi inú ọ̀rá fáwọn ọlọ́kọ̀. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, gba àmì-ẹ̀yẹ náà fún ìgbà kẹfà. Orí pápá àdúgbò làwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ní "àwọn ọmọ wa", mo ka àwọn ọmọbìnrin mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe jókòó ti olówó kan ṣoṣo. Israel Adebajo ló dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Stationery Stores sílẹ̀ l'Ékòó. Ẹgbẹ́ náà gba ife ìdíje gbogbo Nàìjíríà ní 1967 àti 1968. Nígbà tí Adebajo kú ní 1969, ẹgbẹ́ rẹ̀ di ọmọ aláìníbaba. Wọ́n ṣì gba líìgì ní 1992, àmọ́ lónìí wọn kò sí nínú líìgì àgbà mọ́. Leventis United ìlú Ìbàdàn gba líìgì ní 1986. Ní 1987, iléeṣẹ́ tó ń náwó lé e lórí yọwọ́, ẹgbẹ́ náà sì tán. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta gba ife ní 1985 àti 1987. Lónìí, ẹnu àwọn àgbà la ti ń gbọ́ ìtàn rẹ̀. Bí igi kan bá dá gbé igbó dúró, ọjọ́ tó bá wó nigbó tán. Igbó tí mo ń wá fún Mowo ni èyí tí ọgọ́rùn-ún igi jọ gbé dúró.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí alájọ ṣe ń ṣírò. Bí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá ń dá ₦1,000 lóṣù, ₦100,000 nìyẹn, ó di ₦1,200,000 lọ́dún. Ẹni tí kò lówó ní iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀yin télọ̀, ẹ gba rírán jẹ́sì. Ẹ̀yin oníkẹ́míìsì, ẹ gba báńdéèjì àti oògùn ojú egbò. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ fi bọ́ọ̀sì kan gbé àwọn ọmọ lọ síbi ìdíje lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nítorí owó ọkọ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹgbẹ́ kékeré kúrò ládùúgbò. Ẹ̀yin alágbọn, omi àgbọn yín á tù wọ́n lára lẹ́yìn eré. Ẹ̀yin baálẹ̀ àti olórí ẹbí tó ni ilẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún pápá, kí ẹ sì ṣe ìwé rẹ̀, kí ilé má bàa gba gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, bàtà tí kò bá ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yín mu mọ́ ṣì máa bá ẹsẹ̀ kan mu ní Mowo.

Owó nìkan kò tó o. Ìwé ṣe pàtàkì. Òfin FIFA ní bí ẹgbẹ́ kan lókè òkun bá ra agbábọ́ọ̀lù, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Bí owó náà bá jẹ́ mílíọ̀nù kan yúrò, ọdún kọ̀ọ̀kan tí ọmọ náà lò lọ́dọ̀ yín láti 12 sí 15 tó 2,500 yúrò. Láti 16 lọ sókè, ó jẹ́ 5,000 lọ́dún. Ẹgbẹ́ tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù, tí kò sì forúkọ ọmọ náà sílẹ̀, kò ní rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, ká kọ ọjọ́ orí ọmọ bó ṣe jẹ́ gan-an, láìgé e kù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn mí jù. Ẹnubodè Sẹ́mẹ̀ kò jìnnà sí wa. Àwọn kan ń lọ káàkiri tí wọ́n ń pe ara wọn ní aṣojú agbábọ́ọ̀lù. Wọ́n á gba owó lọ́wọ́ òbí, wọ́n á ṣèlérí Yúróòpù, wọ́n á sì já ọmọ sílẹ̀ nílùú àjèjì. Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ayé òwò ẹrú ni Àgbádárìgì ti mọ ohun tó ń jẹ́ kí ọmọ lọ kó má bọ̀. Erékùṣù wà lódìkejì ọ̀sà tó ń jẹ́rìí sí i. Ọmọ tó ní onígbọ̀wọ́ kì í tẹ̀ lé àjèjì lóru. Kí ẹnikẹ́ni tó mú ọmọ jáde ní Mowo, kó wá síwájú ìgbìmọ̀ tí a máa yan, kó fi ìwé hàn, ká wádìí rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ọ̀hún, ẹ jẹ́ ká yan èèyàn méje, kí ìyá mẹ́ta ó kéré tán wà níbẹ̀. Kí ẹni mẹ́ta jọ máa buwọ́ lùwé báńkì. Kí wọ́n lẹ ìṣirò owó mọ́ ara ògiri létí pápá ní ìparí oṣù, kí ẹni tó dá ₦1,000 lè ka ibi tó lọ. Kí ọmọ tó bá sá níléèwé má gbá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ náà, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò di Osimhen, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni yóò di àgbà láàárín wa.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ bọ́ sí pápá tó sún mọ́ yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ kóòṣì ohun tí àwọn ọmọ nílò. Ẹ kọ orúkọ yín sílẹ̀ àti ohun tí ẹ lè ṣe, kí ẹ sì padà wá mú un ṣẹ.

Ọmọ tó tú okùn bàtà rẹ̀ fún ẹnìkejì ti dúró fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ku àwa.