Òkúta Ni, Kì Í Ṣe Iná
Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, èéṣe tí a fi ń kọ́ ọmọ pé iná olómi ni ó kún abẹ́ ilẹ̀? Ẹni tí ó dúró ní oríta Anloga ní Kumasi, òkúta ni ó dúró lé. Láti nǹkan bí kìlómítà 660 nísàlẹ̀ títí dé 2,890, òkúta náà gbóná, ṣùgbọ́n ó le. Ẹrù tí ó wà lórí rẹ̀ kò jẹ́ kí ó yọ́. Ìsàlẹ̀ ìyẹn ni irin yíyọ́ wà. Ìmìtìtì ilẹ̀ jẹ́rìí sí i: irú ìgbì rẹ̀ kan kì í la ohun olómi kọjá, ó sì ń la ibẹ̀ kọjá. Bridgmanite ni ó pọ̀ jù níbẹ̀ (ọdún 2014 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúkọ!). Bí ọmọ bá bèèrè ẹni tí ó débẹ̀ bọ̀, ẹ fi dáyámọ́ǹdì Kankan ní ilẹ̀ Guinea dá a lóhùn: a ti bá èérún ohun ibẹ̀ nínú rẹ̀.